Omi Tí Ẹnjiníà Ikúbọlájẹ́ Dá Dúró

"Ẹ má tíì ṣí aṣọ yẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ó gbọ́dọ̀ jáde lónìí, bí ẹ bá sì jẹ́ kí n rí orúkọ mi lára pátákó yẹn kí n tó sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní lè sọ ọ́ mọ́ títí n ó fi kú."

Bí Luke Ikúbọlájẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní àdúgbò Ìfẹ́sowápọ̀, lẹ́yìn Àgbowó, níbi tí àwọn onílé, àwọn ayálégbé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ibẹ̀ ti péjọ sábẹ́ àtíbàbà láti fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà wọn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà sì ti sọ fún un pé bí ó bá ní ohun tó fẹ́ ṣe, kó má fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Alága ẹgbẹ́ onílé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó sún gbohùngbohùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Rónkẹ́, ìyàwó Luke, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló mọ ohun tó ń bọ̀, nítorí pé ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé òun yóò jẹ́wọ́, ohun tí ó sì fi dá a lóhùn ni pé, "Ó ti pẹ́ jù, Dádì Ayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ọ́."

Luke kò kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe. Ó ní àfi kí òun sọ irú èèyàn tí òun jẹ́ fún wọn ná, kì í ṣe kí wọ́n lè ṣàánú òun, bí kò ṣe kí wọ́n lè mọ ibi tí ìwà náà ti wá. Ará Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ẹnjiníà fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, Bódìjà ló sì kọ́lé sí. Ní gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀, ó ya àwòrán afárá tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, ó la gọ́tà tí kò jẹ́ kí àgbàrá wọ ilé onílé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí afárá, orúkọ kọmíṣọ́nà ni wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta. Bí ọdún bá sì ti ń parí, tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tí ìlú fẹ́ bu ọlá fún lórí rédíò, olórin ni, agbábọ́ọ̀lù ni, olóṣèlú ni, olówó ni. "Lọ́dọọdún ni mo máa ń jókòó ti rédíò yẹn," ni Luke wí. "N óò ní kí àwọn ará ilé dákẹ́ kí n lè gbọ́ dáadáa. Àgbàlagbà bí èmi. Mo máa ń rò pé bóyá ọdún yìí ni ẹnì kan máa rántí pé afárá kì í hù jáde látinú ilẹ̀." Rónkẹ́ a máa wò ó, a máa sọ fún un pé, "Dádì Ayọ̀, àwọn tó ń gba orí afárá yẹn kọjá ń délé wọn ní àlàáfíà. Ṣé ìyẹn kò tó yín?" Luke a ní ó tó òun. Irọ́ ni ó ń pa. Kò tó o.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ló ṣe ohun tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ilé kan tó fi háyà ní Ìfẹ́sowápọ̀, ó sì mọ bí omi ṣe ń fi ojú àwọn èèyàn ibẹ̀ rí màbo. Kànga tí wọ́n ní kò jìnnà sí ṣáláńgá, odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò sì ń gbé gbogbo ìdọ̀tí òkè wá. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àrùn onígbáméjì ń wọlé. Luke wọ ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí ní Bódìjà lọ, ó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́, kò sì jáde kúrò níbẹ̀ títí ó fi ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi agbára oòrùn fa omi láti inú ilẹ̀, tó ń sẹ́ ẹ nínú iyanrìn àti èédú, tó ń mọ̀ fúnra rẹ̀ ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ohun tó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ náà ni irin kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, tí Luke fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ títí ó fi dán. Irin náà ló ń jẹ́ kí omi kọjá, òun náà ló ń dá a dúró. Kò sí i ní ọjà Gáté, kò sí i ní Dùgbẹ̀. Àwọn onílé dá owó jọ, ọnọrébù kan gbé táǹkì ńlá wá, omi sì yọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, orúkọ ọnọrébù ni wọ́n kọ sára òkúta ìrántí. Wọ́n pe aṣojú rẹ̀ jókòó síwájú, wọ́n pe àwọn pásítọ̀ àti àwọn ìmáàmù, wọ́n pe ẹni tó kun táǹkì lọ́dà. Luke dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ti kún fún epo, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ẹni tó ń ya fọ́tò ló pè é. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ń dí wa lójú." Luke sún sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i lọ́jọ́ náà. Àmúdàtù lorúkọ rẹ̀, opó ni, alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò náà, òun àti Rẹ̀mí ọmọbìnrin rẹ̀ ló sì ń gbé nínú yàrá kan lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ó tọ Luke lọ, ó gba aṣọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ bá a ní Bódìjà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe omi yìí, Bàbá. Mo rí yín nínú ẹrẹ̀ látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Apá mi ti ń ro mí tipẹ́ nítorí omi pípọn. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín." Luke dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba aṣọ, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kó tó di ìrọ̀lẹ́. "Ẹ gbọ́ irú èèyàn tí mo jẹ́," ni ó wí lábẹ́ àtíbàbà. "Mo ń wá ẹni tó máa rí mi káàkiri ìlú. Ẹnì kan rí mi, ó rìn wá sílé mi, mo sì kà á sí pé kò sẹ́ni tó wá, nítorí pé alágbàfọ̀ ni."

Omi náà ń yọ, kò sì dá rí. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ayálégbé tuntun ń kó wọlé, wọ́n bá omi lẹ́nu ẹ̀rọ, wọn kò bi ẹnikẹ́ni bó ṣe débẹ̀. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ onílé ṣe ayẹyẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan tó gbé yàrá ní àdúgbò náà nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n fún un ní àwo ẹ̀yẹ, wọ́n gbé e sórí àga ńlá. Luke wà níbẹ̀, ó dúró sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń ka oore tí ó ti wọ àdúgbò náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọnọrébù nítorí omi. Luke na ọwọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí kò tíì pẹ́ ládùúgbò, wò ó tìtì, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ilé wo lẹ̀ ń gbé?" Luke rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.  Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ yẹn ni èrò náà wọ inú rẹ̀: bí omi bá dá fún ọjọ́ méjì péré, wọn á mọ ẹni tó ṣe é.

 Lábẹ́ àtíbàbà, Alága Ọlálẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bojú wo Rónkẹ́, Rónkẹ́ kò wò ó padà. Luke ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó, wọ́n gbé àga wá, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó ní ọjọ́ Ajé ni òun lọ. Ìṣọ́raolúwa, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi, ló ṣí géètì fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fi aṣọ nu àga fún un. Luke ní òun kàn fẹ́ yẹ ẹ̀rọ náà wò ni. Ó wọlé lọ, ó tú irin kékeré náà, ó wé e sínú áńkáṣíìfù, ó sì fi í sápò. Nígbà tó ń jáde, Ìṣọ́raolúwa bi í bóyá gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, táǹkì ti gbẹ. Alága pe Luke lórí fóònù, ó dé, ó ṣí ẹ̀rọ níṣojú gbogbo èèyàn, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó ní, "Wọ́n ti yọ irin kan níbí." Alága bi í pé, "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?" Ó ní, "Èmi ni, àti Ìṣọ́raolúwa." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ó mọ̀ pé òun kò ní láti pè é. Àwọn ọ̀dọ́ ti rọ́ lu ọlọ́dẹ náà kí Luke tó ti ẹ̀rọ pa. Wọ́n ní ó ti ta irin náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìṣọ́raolúwa ń fi ọwọ́ bo orí, ó ń wá ojú Luke láàárín wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà wọlé lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn." Gbogbo wọn yíjú sí Luke. Luke ní, "Mo wọlé lóòótọ́. Gbogbo nǹkan ló pé nígbà tí mo jáde."

"Àpò mi ló wà," ni Luke wí. "Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń gún mi lẹ́sẹ̀." Wọ́n fa Ìṣọ́raolúwa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti kó ẹrù ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ síta. Ó kó wọn lọ sí Òjòó, kò sì tún gba Ìfẹ́sowápọ̀ kọjá mọ́.

Ọjọ́ méjì tí Luke ní lọ́kàn pé, kò dá irin padà. Ìdí ni pé ohun tó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ ti dé. Àwọn onílé ń wá sí Bódìjà, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Alága ń pè é ní "Ẹnjiníà wa." Akọ̀wé tó bi í pé ilé wo ló ń gbé wá bẹ̀ ẹ́ nínú pálọ̀ rẹ̀. Luke sọ fún wọn pé irin náà kò sí lọ́jà, pé òun nìkan ló lè ṣe òmíràn, pé òun ti ń ṣe é lọ́wọ́. Oníròyìn rédíò kan gbọ́, ó pè é, ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí omi bá máa yọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni òun yóò ráyè. Luke sọ fún Alága pé ó di ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́rú, Rónkẹ́ kó aṣọ fífọ̀, ó rí áńkáṣíìfù náà, irin bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ́wọ́ wá bá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Dádì Ayọ̀, ṣé ohun tí wọ́n ń wá kọ́ nìyí?" Luke ní èyí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ni. Rónkẹ́ yí i sí ojú oòrùn. Ó ní, "Ó ti gbó." Luke gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó má dá sí ohun tí kò yé e. Olùkọ́ ni Rónkẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ẹni tí nǹkan kì í yé. Ó lọ fọ aṣọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́jẹ́ kan ti wọ ilé wọn tí kò jáde mọ́.

 Ẹnì kan gbé omi fún Luke, ó wo ife náà, kò mu ún. Ó ní, "Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ẹ lè rò pé òun ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó kù. Èyí tó burú jù ló kù."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Àmúdàtù wá sí Bódìjà. Ó rìn wá ni, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kò wọlé, ó ní ibi tí òun dúró sí ti tó. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú pé mo wá yọ yín lẹ́nu. Odò ìsàlẹ̀ la ti ń pọn omi. Òórùn rẹ̀ kò dára. Àwọn ọmọ ti ń ṣu, wọ́n ti ń bì nínú ilé kejì sí tiwa. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń sa ipá yín. Bí ẹ bá lè bá wa ṣe é kó yọ lónìí, kódà kó jẹ́ díẹ̀, kí a kàn rí èyí tí a máa mu." Irin náà wà nínú àpò ṣòkòtò Luke bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà á láti gbé ọkọ̀ dé Àgbowó, kó dá a padà, kí omi yọ? Kò tó wákàtí kan. Ó wo obìnrin náà. Ó rí i pé ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ronú kan oníròyìn rédíò. Ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ ní sùúrù. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ń kánjú ṣe. Ó di ọ̀la." Àmúdàtù kò jiyàn. Ó dúpẹ́. Ó yí padà, ó sì gba ọ̀nà tó bá wá lọ. Luke kò tilẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e, nítorí pé bí ó bá gbé e dé àdúgbò, àwọn èèyàn lè ní kí ó kúkú ṣe iṣẹ́ náà níwọ̀n ìgbà tí ó ti dé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, oníròyìn dé. Èrò pọ̀ ju ti ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ lọ. Luke wọ aṣọ iṣẹ́ mímọ́, ó wọlé, ó dá irin padà sáyè rẹ̀, ó sì jókòó díẹ̀ sí i nínú ilé ẹ̀rọ kí wọ́n má baà rò pé ó rọrùn. Nígbà tí omi yọ, ariwo sọ. Àwọn ọmọ kó sábẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ìyá ń jó, wọ́n gbé Luke sókè, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Oníròyìn gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí i lẹ́nu, ó ní kí ó sọ fún àwọn ará Ìbàdàn ẹni tó jẹ́. "N kò ní purọ́ fún yín lónìí," ni Luke wí. "Mo gbádùn rẹ̀. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ayọ̀kúnnúmi ọmọ mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn èèyàn, ó ń wá Àmúdàtù, ó fẹ́ kí ó rí òun. Ó bi obìnrin kan pé Ìyá Rẹ̀mí ńkọ́. Obìnrin náà ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Onígbáméjì ni. Ó ní ìwọ̀nba omi inú ọ̀rá tó rí rà, Rẹ̀mí ló ń fún, Ìyá Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ ń mu ti odò.

Àmúdàtù kú ní ọjọ́ kejì. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Luke lọ. Ó dúró lẹ́bàá sàréè, àwọn èèyàn sì ń sún mọ́ ọn, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, àwọn tí ì bá kú kì bá ti níye. Ìmáàmù dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Rẹ̀mí, tó jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn, wá kúnlẹ̀ kí i, ó ní ìyá òun ní kí òun máa kí i dáadáa nígbàkígbà tí òun bá rí i.

Láti ìgbà náà ni orúkọ Luke ti ń dé gbogbo ibi tó fẹ́ kó dé. Rédíò mìíràn pè é, ìwé ìròyìn gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ìjọ rẹ̀ fún un ní àwo ẹ̀yẹ. Ó dé ọdún kan tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ lórí rédíò pẹ̀lú àwọn tí ìlú fẹ́ bu ọlá fún. Ó dìde, ó pa rédíò náà. Ó ń bá Rẹ̀mí san owó ilé ẹ̀kọ́, ó ń rò pé yóò fi gba ìtura, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti ń dúpẹ́ ni ara rẹ̀ ń gbóná. Rẹ̀mí wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló yàn. Ní oṣù tó kọjá ló wá bá Luke ní Bódìjà, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Bàbá, èmi ni mo dá a lábàá nípàdé pé kí wọ́n fi orúkọ yín sọ òpópónà wa. Mo ní wọn kì í rántí àwọn ẹnjiníà ní ìlú yìí. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ṣe omi." Luke kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkàn rẹ̀ dá a dùbúlẹ̀.

"Ohun tí mo ṣe nìyẹn," ni ó wí. "Èmi ni mo yọ irin. Ìṣọ́raolúwa kò jí nǹkan kan. Ìyá Rẹ̀mí wá bẹ̀ mí, mo sì jẹ́ kí ó lọ mu omi odò, nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ mi kọrin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà níbí, òótọ́ ni pé wọn kì í rí wa. Ó dùn mí, ó máa dun ẹ̀yin náà. Bí ó bá dùn yín, ẹ pariwo, ẹ lọ bá wọn jà nípàdé, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín sára ohun tí ẹ ṣe. Ohun tí èèyàn fi ń mí, ohun tí èèyàn ń mu, ẹ má fi gba ọlá. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, mo mọ ìdí rẹ̀."

  Alága Ọlálẹ́yẹ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Luke, ó sì dì í mú bí ẹni tí kò mọ ibi tó fẹ́ gbé e sí, nítorí pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa Ìṣọ́raolúwa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé bàbá náà kúrò níwájú òun kí òun tó ṣe ohun tí òun yóò kábàámọ̀. Rẹ̀mí ló dá a jókòó. Ó rìn wá síwájú, ó dúró níbi tí Luke ti lè rí i. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ìyá mi wá bá yín, kí ló sọ kẹ́yìn kó tó lọ?" Luke fẹ́ sọ pé òun kò rántí. Ó rántí. Ó ní, "Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ayé mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́ mi." Rẹ̀mí mi orí.  Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí lónìí, Bàbá. N kò ní nǹkan tí mo lè fún yín lónìí." Ó yí padà, ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kí wọ́n bá òun gbé pátákó náà. Wọ́n gbé e tòun ti aṣọ tó bò ó, wọ́n gbé e wọnú ilé ìpàdé lọ. Àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó kí Luke pé ó dàbọ̀.

Rónkẹ́ rò pé ilé ni wọ́n ń lọ. Luke ní rárá, Òjòó ni. Wọ́n béèrè títí wọ́n fi rí Ìṣọ́raolúwa nítòsí gáréèjì, níbi tó ti ń lẹ táyà fún àwọn awakọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Luke kò jókòó sórí àga tó gbé fún un. Ó dúró sọ gbogbo rẹ̀. Ìṣọ́raolúwa gbọ́ ọ tán, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Mo mọ̀ pé n kò jí i, èmi àtẹ̀yin nìkan la sì ní kọ́kọ́rọ́." Luke ní kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, "Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń pe ẹnjiníà ní olè." Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Luke bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Ìṣọ́raolúwa dì í mú léjìká, ó ní, "Kì í ṣe èmi lẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún. Ọmọ mi àgbà wà nínú ilé. Láti ìgbà yẹn, kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé èmi ni bàbá òun. Ẹ wá."

Ó mú wọn gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sí yàrá kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kí wọn, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì tún wo arúgbó tó wọ agbádá níwájú rẹ̀. Ìṣọ́raolúwa ní, "Jókòó. Bàbá yìí ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ nípa mi." Ó jáde, ó fi wọ́n sílẹ̀.  Luke dúró níwájú ọmọ náà bí akẹ́kọ̀ọ́ níwájú olùkọ́.

"Orúkọ mi ni Luke Ikúbọlájẹ́," ni ó wí. "Èmi ni mo mú irin náà. Bàbá rẹ kò jalè rí."